Ẹ̀ka Wo Ni Ẹnjiníà Síbílì Yóò Mú Nínú Ìdánwò Ìwé Àṣẹ?

Ní Adó-Èkìtì, ọjọ́ tí ọmọ bá ti gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní fásitì ni ẹbí ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Wọ́n á kọ ọ́ sára káàdì ìgbéyàwó, wọ́n á sì fi kí i níwájú ìjọ. Òbí tó san owó ilé-ìwé ọdún márùn-ún ní ẹ̀tọ́ sí ayọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú òfin Nàìjíríà, oyè fásitì nìkan kì í sọ ènìyàn di ẹnjiníà tó lè fọwọ́ sí àwòrán ilé alájà, afárá tàbí dáàmù. Àjọ tí gbogbo oníṣẹ́ mọ̀ sí COREN ló ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sì sí nínú ìwé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i fún àwọn tó ti jápa tàbí tó ń múra àtijápa. Ní Amẹ́ríkà, ìwé àṣẹ PE ni ẹnjiníà ń wá, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀ nínú iṣẹ́ síbílì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀ka kan nínú márùn-ún: ilé àti afárá, ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀, ọ̀nà àti ìrìnnà, omi àti àyíká, tàbí iṣẹ́ sáìtì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀kan á ní wọ́n sọ fún òun pé ti ọ̀nà ló rọrùn jù. Òmíràn á ní òun kò lè mú ti omi láéláé, kí wọ́n má baà ká òun lọ́wọ́ kò lórí ilé kíkọ́. Àwọn méjèèjì ló ṣì í gbọ́, àṣìgbọ́ yìí sì ń ná ènìyàn ní owó àti oṣù gbọọrọ.

Ibi tí ìwé àṣẹ ti ṣẹ̀ wá

Ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣòfin ìwé àṣẹ fún àwọn ẹnjiníà, ní ọdún 1907. Omi ló fà á. Clarence Johnston, tó jẹ́ ẹnjiníà àgbà fún ìpínlẹ̀ náà, ṣàkíyèsí pé agbẹjọ́rò àti àwọn mìíràn tí kò kọ́ iṣẹ́ náà ń ya àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ń tọrọ ẹ̀tọ́ láti lo omi odò, tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí i bí ẹnjiníà. Àwòrán ò bá ara mu, ìjà omi sì ń gbèrú. Òfin dé láti fi mọ ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ nídìí iṣẹ́ náà.

Ní California, ẹ̀mí ènìyàn ló kọ́kọ́ lọ sí i. Ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1928, dáàmù St. Francis nítòsí Los Angeles ya, omi rẹ̀ sì gbé ènìyàn tó lé ní 400 lọ. William Mulholland tó darí iṣẹ́ náà kò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ìwé, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀. Kọnkéré kọ́ ló kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ tí dáàmù náà fara tì ló yẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé ẹnjiníà síbílì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀.

Ti Nàìjíríà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà, NSE, bẹ̀rẹ̀ ní 1958 láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní London. Òfin tó dá COREN sílẹ̀ jáde ní 1970, wọ́n tún un ṣe ní 1992 àti ní 2018. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bèèrè ìdí tí òfin bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì, kó rántí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 2021, nígbà tí ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 40.

Ní ilé níbí, ìwé ìrírí ló ń mú ẹ̀ka

Nínú ètò ti Nàìjíríà, kò sí ibi kankan tí wọ́n ti ń ní kí ènìyàn fa àmì sí ọ̀kan nínú ẹ̀ka márùn-ún. Ẹni tó kàwé ní fásitì EKSU, ti ABUAD tàbí ní ọgbà FUOYE tó wà ní Ìkọ̀lé, lórí ẹ̀kọ́ tí COREN fọwọ́ sí, yóò ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún mẹ́rin lábẹ́ àwọn tó ti gba ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ìwé ìrírí rẹ̀, yóò so àwòrán àti ìṣirò iṣẹ́ tó ti ṣe mọ́ ọn, yóò sì jókòó níwájú àwọn àgbà oníṣẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ti ẹni tó gba HND ní Federal Polytechnic, Adó-Èkìtì yàtọ̀ díẹ̀: ìsọ̀rí tẹkinọ́lọ́jíìsì ni COREN ń kọ ọ́ sí, àfi tó bá tún kàwé kún un.

Síbẹ̀, yíyàn wà níbẹ̀. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá ti lo ọdún mẹ́rin nídìí ọ̀nà tí wọ́n ń da ọ̀dà sí, tó wá lọ yá àwòrán ilé alájà mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ so mọ́ ìwé ìrírí nítorí pé ilé jọ ni lójú ju ọ̀nà lọ, ilé yẹn ni àwọn àgbà yóò dojú ìbéèrè kọ. Wọ́n á bi í pé kí ló dé tí irin òpó ìsàlẹ̀ fi pọ̀ ju ti òkè lọ. Wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe mọ ìwúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ìpìlẹ̀. Ẹni tí kò ṣe ìṣirò náà kò lè fi ẹnu dídùn bo ìyẹn. Ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti mú ẹ̀ka fún un, kó tó wọ yàrá ìdánwò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ ICE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1818, kì í fún ẹnjiníà ní ìbéèrè àṣàyàn. Ìwé ìrírí ni wọ́n ń kà, àwọn àgbà iṣẹ́ á sì pè é jókòó.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé láti ìgbà SIWES, ìyẹn ètò ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1973, ni ẹ̀ka ti ń yọjú. Ẹni tó lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ kọngílá tó ń ṣe kọ́fáàtì, tó di òpó ìwọ̀n mú, tó rí bí wọ́n ṣe ń wọn ìdagẹ̀rẹ̀ gọ́tà, ti fi ẹsẹ̀ kan wọ ẹ̀ka omi láìmọ̀. Ó dunni pé àwọn kan ń wá ibi tí wọn yóò ti kàn gba ìwé àkọsílẹ̀ SIWES láìdé sáìtì rárá. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n á wá máa wá ìrírí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tì sẹ́yìn.

Ilẹ̀ Èkìtì àti ẹ̀ka márùn-ún

Ìwé ìlànà NCEES, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò PE láti Amẹ́ríkà, lè dà bí èdè àjèjì sí ẹni tó wà ní Adó. Bí a bá fi ohun tí ojú ń rí láàárín ìpínlẹ̀ Èkìtì túmọ̀ rẹ̀, yóò hàn pé kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀ka márààrún tó ṣàjèjì.

Ti ilẹ̀ àti ìpìlẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé-ìwé lórí rẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ náà ló jókòó lórí àpáta ayébáyé. Ẹni tó bá gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá ń rí Ọlọ́ṣunta àti Òrólé tí wọ́n yọ gàgàrà sókè. Ṣùgbọ́n èyí tó hàn kọ́ ló ń da ilé rú, èyí tó sá pamọ́ ni. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Adó, ènìyàn lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní igun kan kó kan àpáta ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kó wá gbẹ́ igun kejì kó máa bá amọ̀ rírọ̀ lọ títí. Bí kọngílá bá da kọnkéré sí méjèèjì láìbìkítà, igun tó wà lórí àpáta kò ní mì, igun tó wà lórí amọ̀ yóò máa rì díẹ̀díẹ̀ bí ìwúwo ilé ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ògiri tó wà láàárín wọn ni yóò sanwó rẹ̀. Yóò sán ní ìdábùú, láti igun fèrèsé lọ sókè, onílé á sì máa di í lọ́dọọdún, kò ní dí. Iye tí ilẹ̀ lè gbé, bí yóò ṣe rì tó, bí omi ṣe ń rìn nínú rẹ̀, bí ògiri tó ń dá yẹ̀pẹ̀ dúró ṣe ń wó: ohun tí ẹ̀ka yìí ń bèèrè nìyẹn.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò yẹ̀pẹ̀ ní Nàìjíríà yóò bá ojúlùmọ̀ pàdé nínú ìdánwò náà. Ètò AASHTO tí Amẹ́ríkà fi ń pín yẹ̀pẹ̀ sí ìsọ̀rí ni àwa náà ń lò fún ọ̀nà. Àyẹ̀wò agbára yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CBR, tí ìwé ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 1997 gbé kalẹ̀, tó ní kí ìpele abẹ́ má dín ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìpele òkè rẹ̀ tó gbé ọ̀dà má dín ní 80, láti California ni ó ti wá. Yẹ̀pẹ̀ pupa tó ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá nígbà tó wà ní Adó kò ṣòfò.

Ti omi àti àyíká náà kò jìnnà. Dáàmù Èrò tó wà ní Ìkún-Èkìtì, ti Ùrèjé tó wà ní Adó, ti Ẹ̀gbẹ̀ àti ti Ìtàpájì, gbogbo wọn ni iṣẹ́ ẹ̀ka yìí: iye omi tí òjò yóò gbé wọlé, bí a ṣe ń sẹ́ ẹ, bí páìpù ṣe ń gbé e dé ilé, àti bí a ṣe ń wẹ omi ìdọ̀tí kó tó padà sódò. Bí àgbàrá bá kún gọ́tà Àjílọ́ṣùn nígbà òjò tó sì ya bo ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè tó yẹ kí ẹnjiníà omi ti dáhùn ṣáájú ni pé: òjò tó le tó báwo, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báwo, nínú gọ́tà tó gbòòrò tó báwo?

Ẹ jẹ́ ká wo irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fínnífínní. Gọ́tà kọnkéré kan fẹ̀ ní mítà kan, omi inú rẹ̀ jìn ní ìdajì mítà, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mítà kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlànà Manning, tó ń sọ bí omi ṣe ń sáré tó, ni wọ́n ń kọ́ ní Adó, òun náà ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Bí a bá fi 0.013 ṣe òṣùwọ̀n bí ojú kọnkéré ṣe rí, omi náà yóò máa sáré ní nǹkan bíi mítà 3.05 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó ń gbé nǹkan bíi mítà kúbíkì 1.5 kọjá. Ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n ń lò, ìlànà náà sì gbé 1.486 dání níbi tí tiwa ti gbé 1 dání. Ẹni tó bá rántí yóò rí ẹsẹ̀ bàtà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí í ṣe mítà 3.05 kan náà. Ẹni tó bá gbàgbé yóò rí 6.7, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà, nítorí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò mọ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè kọ ọ́ sínú àwọn ìdáhùn tí yóò mú nínú wọn. Òye omi rẹ̀ pé, òṣùwọ̀n ló tàn án.

Ti ilé àti afárá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn jù. Ó níyì. Afárá òkè tí ìjọba Ayọ̀délé Fáyóṣe kọ́ sí àárín Adó kí sáà rẹ̀ tó parí ní 2018 jẹ́ irú iṣẹ́ tí ọmọdé ń tọ́ka sí. Àmọ́ níbí ni ìrìn-àjò ti jìn jù fún ẹni tó kàwé nílé. Ìwé ìlànà BS 8110 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ilẹ̀ Yúróòpù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi kọ́ ọ, ACI 318 ni Amẹ́ríkà ń lò fún kọnkéré. Kódà ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ agbára kọnkéré kò dọ́gba. Nílé, bíríkì kékeré onígun mẹ́rin, mílímítà 150 ní ìhà gbogbo, ni wọ́n ń tẹ̀ fọ́ nínú ẹ̀rọ. Ní Amẹ́ríkà, èyí tó rí roboto bí agolo gígùn ni. Kọnkéré kan náà yóò fún ti roboto ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí onígun mẹ́rin fún un, débi pé kọnkéré tí a mọ̀ sí 25 ní Adó yóò máa jẹ́ nǹkan bíi 20 lọ́hùn-ún. Ẹni tí kò mọ èyí yóò ka kọnkéré tirẹ̀ sí alágbára ju bó ti yẹ lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀ka yìí ń bèèrè ìwúwo yìnyín lórí òrùlé, ìmìtìtì ilẹ̀, ilé tí wọ́n fi pákó kọ́ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ọmọ tó dàgbà ní Ìyìn tàbí Ìfàkì kò rí yìnyín lórí páànù rí, pákó sì jẹ́ ohun òrùlé lójú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn lè kọ́, àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ ọ, tí wọ́n ń yege. Kí ẹni tó fẹ́ mú un kàn mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ló ń lọ kọ́, kì í ṣe èyí tó ti mọ̀ ló ń lọ rántí.

Ti ọ̀nà àti ìrìnnà: bí a ṣe ń tẹ kọ́ọ̀nà kí ọkọ̀ má baà takìtì, bí ojú awakọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ríran jìnnà tó ní orí òkè, iye ọkọ̀ tí oríta lè gbà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìjù dé Ìta-Ògbólú, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Àǹfààní kékeré kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í rántí: láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, bíi ti Amẹ́ríkà. Àwòrán oríta inú ìdánwò kò ní yí ẹni tó kàwé nílé lórí. Ti iṣẹ́ sáìtì ni ìkarùn-ún, ìyẹn ìṣirò yẹ̀pẹ̀ tí a óò gbẹ́ àti èyí tí a óò kún, ètò iṣẹ́ àti owó, kéréènì, ààbò òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ojú ọ̀nà bàlúù tó gùn ní kìlómítà 3.2 sí pápákọ̀ òfúrufú Èkìtì, níbi tí ọkọ̀ òfúrufú ti balẹ̀ fún ìdánwò ní 2022, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀ka náà fún un.

Ohun tó yí padà

Ìmọ̀ràn tí ẹ̀gbọ́n tó gba ìwé àṣẹ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ń fún àbúrò rẹ̀ lè ti di ti àtijọ́, bó ti wù kó fẹ́ràn rẹ̀ tó. Láyé ìgbà náà, orí ìwé ni wọ́n ń ṣe ìdánwò PE síbílì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Ènìyàn á fi báàgì onítáyà wọ́ ìwé rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn. Ogójì ìbéèrè àárọ̀ ló ń kan gbogbo ẹ̀ka márààrún, ogójì ti ọ̀sán ló wà fún ẹ̀ka tí ènìyàn mú. Nítorí náà, ìdajì ìdánwò kò sí lọ́wọ́ ẹ̀ka rárá.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2022, ó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n mú ìpín àárọ̀ tó kárí gbogbo ẹ̀ka kúrò. Ní báyìí, ìbéèrè 80 ni, wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fún un, ẹ̀ka tí ènìyàn mú ló sì ni gbogbo ìwé náà. Òótọ́ ni pé ẹ̀ka ń yà sọ́dọ̀ ara wọn: ẹnjiníà ilẹ̀ yóò bá omi abẹ́ ilẹ̀ pàdé, ti sáìtì yóò bá ìṣirò yẹ̀pẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́kàn lé e pé òun á fi ìbéèrè kéékèèké láti ẹ̀ka mìíràn ti ara òun lẹ́yìn kò ní rí wọn mọ́.

Báàgì ìwé náà kò sí mọ́. Kò sí ẹni tó ń gbé ìwé wọlé. Orí kọ̀ǹpútà ni ìwé ìtọ́kasí NCEES ti ń yọ sí i, pẹ̀lú àwọn ìwé ìlànà ẹ̀ka tó mú. Èyí ni mo kà sí ohun tó yẹ kó tẹ̀wọ̀n jù nínú yíyàn, tí àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ. Ẹni tó mú ilé àti afárá yóò máa ṣí ìwé ìlànà ńláńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ìwúwo, ti kọnkéré, ti irin, ti pákó, ti bíríkì, ti afárá ọkọ̀. Ẹni tó mú ti omi yóò máa rìn nínú ìwé ìtọ́kasí fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe pé ọ̀kan rọrùn. Irú ìmúrasílẹ̀ ni kò dọ́gba: ọ̀kan ń fẹ́ ẹni tó mọ ojú ewé tí òfin kan wà, èkejì ń fẹ́ ẹni tí ìlànà ìṣirò ti wọ̀ lára.

Àwọn ìgbàgbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ̀ka tí ènìyàn bá mú ni yóò máa wà lára ìwé àṣẹ rẹ̀ títí. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, PE ni wọn yóò kọ fún un, wọn kì í kọ ẹ̀ka ìdánwò síbẹ̀. Ó dà bí ọgbà mẹkáníìkì. Ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń tún ṣe, ẹnu ọ̀nà kan náà ni oníbàárà ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iná ọkọ̀ kì í lọ tú jíà, kì í ṣe torí pé wọ́n lé e, bí kò ṣe torí pé ó mọ ibi tí ọwọ́ òun mọ. Òfin ìwà ẹnjiníà, ti COREN àti ti Amẹ́ríkà bákan náà, ló ní kí ènìyàn má ṣe fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò mọ̀. Ẹni tó yege nínú ẹ̀ka omi, tó sì fi ọdún púpọ̀ kọ́ iṣẹ́ ilé lábẹ́ àgbà, lè fọwọ́ sí ilé. Ẹni tó yege nínú ẹ̀ka ilé, tí kò ṣe afárá rí, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan afárá.

Èkejì tan mọ́ ọn, ó sì léwu. Ọ̀pọ̀ ló rò pé PE síbílì lórí ẹ̀ka ilé ni wọ́n ń pè ní SE, ìyẹn ti ẹnjiníà ilé. Rárá o. Ìdánwò ọ̀tọ̀ ni SE, ó gùn jù ú lọ, ó sì le jù ú lọ. Ìpínlẹ̀ Illinois ti ní òfin tirẹ̀ fún ẹnjiníà ilé láti 1915, Hawaii náà ní tirẹ̀, California sì ń bèèrè SE lọ́wọ́ ẹni tí yóò ṣe irú ilé kan bí ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń lọ gbé ní Chicago nítorí pé ẹbí rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, tó sì fẹ́ máa kọ́ ilé gogoro, gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó sanwó.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ iye àwọn tó ń yege. NCEES ń gbé ìdá tó yege nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jáde, àwọn ènìyàn a sì sáré lọ wo èyí tó ga jù. Iye yẹn ń sọ nípa àwọn tó jókòó, kò sọ nípa ẹni tó ń kà á. Bí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà lójoojúmọ́ bá pọ̀ nínú àwọn tó mú ẹ̀ka ọ̀nà, wọ́n á yege, ìyẹn kò sì ní kó rọrùn fún ẹni tó lo ọdún mẹ́fà nídìí páìpù omi. Wọ́n tún ya àwọn tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń tún un ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ wo iye náà rárá, ibi tó bá a mu ni kó wò.

Bí wọ́n ṣe ń mú un

Ìwé tí ènìyàn kọ́kọ́ nílò kò ní owó. NCEES gbé ètò ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan síta lọ́fẹ̀ẹ́, ojú ewé díẹ̀ ni, ó sì kọ ohun tí wọn yóò bèèrè àti iye ìbéèrè tó wà nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Kí ènìyàn tẹ ti ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta sórí ìwé, kó mú bírò, kó sì fi òótọ́ inú fàmì sí ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rí, ohun tó kà ní fásitì tó ṣì rántí, àti ohun tó jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹ̀ka tí àmì àkọ́kọ́ bá ti pọ̀ jù ló sábà máa ń jẹ́ tirẹ̀, ì báà jẹ́ pé òmíràn ló wù ú.

Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹni tí iṣẹ́ tó ṣe ní Adó jẹ́ ti ọ̀nà, ṣùgbọ́n tó ti lo ọdún mẹ́ta báyìí ní Houston lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe gọ́tà àgbàrá, kí ó ka ọdún mẹ́ta yẹn sí gidigidi. Inú rẹ̀ ló ti lo ẹsẹ̀ bàtà àti ìwé ìlànà Amẹ́ríkà, ìyẹn sì ni ìdánwò ń bèèrè. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo ìrírí rẹ̀ ṣì wà nílé, ẹ̀ka tí ìmọ̀ rẹ̀ kì í yí padà láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Omi ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ níbi gbogbo, amọ̀ ń rì níbi gbogbo. Òfin ìlú ló ń yàtọ̀, ẹ̀ka ilé àti ti ọ̀nà ló sì kún fún òfin ìlú jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó ra ìdánwò àṣedánrawò ti NCEES fún ẹ̀ka tó wà lọ́kàn rẹ̀, kó ṣe é láàárín aago, pẹ̀lú ìwé ìtọ́kasí lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe lórí ìwé títẹ̀. Èyí ló tó láti yí ọkàn padà kó tó san dọ́là 400 ìdánwò gan-an. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ tún ní ìbéèrè tirẹ̀ lórí oyè òkèèrè àti lórí àwọn tí yóò jẹ́rìí sí ìrírí. Kó bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, torí wọn kò ṣe bákan náà.

Ẹni tó bá kùnà yóò gba ìwé tó ń fi hàn án ìsọ̀rí tó ti ṣe dáadáa àti èyí tó ti rọ̀. Òfin gbà á láyè láti tún un ṣe, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìgbà mẹ́ta lọ láàárín oṣù méjìlá, ó sì lè mú ẹ̀ka mìíràn. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré pààrọ̀ ẹ̀ka nítorí ìtìjú. Kí ó kọ́kọ́ ka ìwé náà. Bí ó bá rọ̀ ní ìsọ̀rí méjì péré, tí ìyókù sì dúró dáadáa, ẹ̀ka náà kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, ìsọ̀rí méjì yẹn ló kù tó yẹ kó kà. Bí ó bá rọ̀ láti òkè délẹ̀, tó sì jẹ́ pé iyì ẹ̀ka náà ló fà á wọ ibẹ̀, ìgbà yẹn ni kó padà sí ètò tó fàmì sí ní ìbẹ̀rẹ̀, kó sì mú ẹ̀ka tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń tọ́ka sí láti ìgbà náà wá.